Ẹyẹ Inú Máńgòrò Ìyá Ìgè

Àwọn èèyàn kan wà tí Ọlọ́run dá láti máa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Hilaire Ọ̀ṣuntókí, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àjàṣẹ́. Bí oníwàásù bá ṣi orin pè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Hilaire á wúkọ́, á tún wúkọ́, títí oníwàásù á fi gbójú sókè wo pátákó nọ́ńbà orin, tí á sì tún orin náà pè. Bí Honorine ìyàwó rẹ̀ bá ń ròyìn fún àlejò pé Ọjọ́bọ̀ lòun pàdé lágbájá lọ́jà Avrankou, Hilaire á ti inú yàrá kígbe pé Ọjọ́rú ni. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá. Ó kàn jẹ́ pé àṣìṣe máa ń yún un lára bí èèrà tó wọ ṣòkòtò ni.

Nígbà tí ìjọba àwọn sójà dé, tí wọ́n ní ayé ti yí padà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń tò láràárọ̀ láti na ìkúùkù sókè kí wọ́n sì kígbe "Ehuzu!", èyí tí í ṣe "ó ti yí padà" lédè Fọ̀n, gbogbo biró, ìyẹn ọ́fíìsì wọn, ló kígbe. Hilaire nìkan ló rí i pé ọwọ́ òsì ni ọ̀gá nà, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tó wà nínú àwòrán ara ògiri nà. Ó sì sọ ọ́, lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn òkúta nínú ẹ̀wà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Hilaire tọrọ kọnjé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n pa orúkọ ìlú dà kúrò ní Dàhòmì, kò tí ì jókòó tán tí ọ̀gá fi buwọ́ lù ú.

"Lọ sinmi, kámárádì," ni ọ̀gá wí. "Àní kó o sinmi dáadáa."

Ẹlòmíì á fi kọnjé kan ilé, á fi lọ kí àna rẹ̀, á fi sùn. Hilaire fẹ́ fi tirẹ̀ wo ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìfẹ́ ẹyẹ kò pa ẹnikẹ́ni rí, ó kéré tán kò tí ì pa ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Faransé kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ló fi jumẹ́lì kan sílẹ̀ fún un, awò olójú méjì tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni.

"Ọkùnrin yẹn ní fìríjì, ó ní mọ́tò," ni Honorine wí lọ́jọ́ tó gbé e wálé. "Jumẹ́lì ló wá rí fún ọ."

"Kò ní mọ́tò," ni Hilaire dáhùn. "Alùpùpù ló ní."

Awò ló ti ọwọ́ òyìnbó wá. Orúkọ ẹyẹ kọ́. Ọwọ́ Ìyá Ìgè ni Hilaire ti gba ìyẹn, ìyá arúgbó tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pàdé tiwọn, tí ògiri kúkúrú kan pín wọn níyà. Nígbà tí wọ́n bí Hilaire, àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, Ìyá Ìgè ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pọ̀n ọ́n, tó ń gbé e kiri etí ọ̀sà níbi tó ti ń ta gaàrí. Lórí ẹ̀yìn yẹn ló ti mọ lékeléke yàtọ̀ sí ẹ̀gà, kó tó mọ bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ìgè, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí, ti lọ sí Gàbọ́n, ìròyìn rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Ohun tó kù fún un ni òrìṣà rẹ̀ tó ń bọ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àti igi máńgòrò kan tó gbó ju gbogbo ilé àdúgbò lọ.

Ìyá ní òfin kan lórí igi náà, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n sórí. Èyí tó bá wà lórí igi, ti onígi ni. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ mùsùlùmí, ọmọ abọ̀rìṣà, òfin yẹn ló fi ń ṣèdájọ́ wọn. Bí ọmọ kan bá sì wà tí kò rí nǹkan ṣà, ìyá á fi ẹ̀yìn ti igi, á fẹ̀yìn gbún un bí ẹni tí ẹ̀yìn ń yún, máńgòrò á bọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ àkọ́kọ́ kọnjé, Hilaire lọ sí etí ọ̀sà. Kò tí ì pẹ́ tó gbé awò sójú tí sójà kan tí ń ṣọ́ ẹnu afárá fi yọ sí i.

"Kámárádì, kí lo ń wò?"

"Lékeléke ni."

"Lékeléke. Ìwọ àti awò òyìnbó. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi wa lò ń wò?"

Ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n èèyàn bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Hilaire nàka. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ apẹja ni. Ẹ wo àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀."

Sójà gba awò, ó sì mú un jókòó sórí ilẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, kó tó di pé awakọ̀ kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì dá a mọ̀, tó sì bá a bẹ̀bẹ̀. Sójà dá awò padà fún un. "Máa lọ wo ẹyẹ nílé rẹ," ó wí. "Ìjọba ò bá ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé jà."

Bẹ́ẹ̀ ni Hilaire ṣe gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, tó kọjú sí máńgòrò Ìyá Ìgè. Ó kọ́kọ́ rò pé ìyà ni, àfi ìgbà tó rí i pé igi náà kún ju ọ̀sà lọ. Àwọn ẹ̀gà pọ̀ lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ bí ìpàdé ìgbìmọ̀ àdúgbò, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ẹnì kankan ò gbọ́. Àdàbà méjì ń fẹ́ra wọn lókè láìtijú. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣú, nǹkan funfun kan yọ jáde nínú ihò tó wà lára igi, ó na apá, ó sì gba orí ọgbà kọjá láìdún rárá, bí ẹní ta aṣọ sáfẹ́fẹ́. Òwìwí. Hilaire ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kékeré, kò rí ojú rẹ̀ rí. Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ẹyẹ náà nínú ihò igi, wọ́n ń hanrun bí àwọn àgbà ìjọ nígbà ìwàásù.

Kò lè mú un mọ́ra. Ó na ọrùn sórí ògiri. "Ìyá! Ẹ káalẹ́, Ìyá. Ṣé ẹ rí i?"

Ìyá Ìgè ń tan iná ìdáná. Kò tilẹ̀ gbójú sókè, oríkì tó ti ń pe Hilaire láti kékeré ló fi dá a lóhùn. "Àlàó, ṣé ìwọ ló lóyún ẹyẹ ni, tó o fi ń mí báyẹn? Mo rí i. Ọjọ́ ti pẹ́. Òun ló ń bá mi kó èkúté tó ń jẹ àgbàdo mi."

"Ẹ wá fi awò wò ó!"

"Ojú tí mo ní ti rí èyí tó tó o." Ó wá gbójú sókè báyìí. "Ṣé o ń gbọ́ mi? Ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu èmi àti ìwọ ni kó mọ. Ọdún yìí kì í ṣe ọdún tí arúgbó ń ní ẹyẹ."

Hilaire mọ ohun tó ń wí. Ọdún náà ni ìjọba gbógun ti àjẹ́. Gìrì ń gbé àwọn ọmọ tuntun lọ káàkiri ìlú àti abúlé, wọ́n sì ní àwọn arúgbó ló ń di ẹyẹ lóru láti lọ pa wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, bó o bá ṣí rédíò, ohùn ìyá arúgbó kan lo máa gbọ́, tó ń jẹ́wọ́ ohun tí o kò ní fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ. Wọ́n ń gé igi ńláńlá. Wọ́n ń kó àwọn ìyá lọ. Nítorí náà, nígbà tí Honorine náà gbọ́ nípa òwìwí, ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Pélagie, gbé e mì."

"Mo ti gbé e mì."

"Mo mọ bí o ṣe ń gbé nǹkan mì. Tún gbé e mì."

Títí di ọjọ́ Ẹtì, ó gbé e mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ tó dùn jù láyé òun nìyẹn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè.

Lọ́jọ́ Ẹtì ló lọ gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ Mouftaou aránṣọ. Òun àti Mouftaou jọ ṣa máńgòrò ìyá dàgbà ni. Mouftaou ti di deligé báyìí, òun ni olórí ìgbìmọ̀ ìyípadà ní àdúgbò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ọmọ kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ tó kọjá. Gìrì ni, wọn ò tí ì sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì bí ẹni tó ń tẹ nǹkan pa.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ìyá kan ń jẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú wọn ní: "Tiwa níbí ńkọ́? Àwọn ọmọ ní nǹkan kan máa ń fò jáde nínú máńgòrò Ìyá Ìgè bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

Maṣíìnì ò dúró. Mouftaou fi eyín já òwú. "Àdán ni," ó wí. "Ọdọọdún ni ìyá ń ráhùn pé àdán ń jẹ máńgòrò òun. Ẹ fi ìyá oníyàá sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ẹlòmíì ti yí rédíò sí ibòmíì pàápàá. Ṣòkòtò Hilaire ti wà lápá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú títì. Ṣùgbọ́n àdán! Kí wọ́n rí ẹyẹ tó rẹwà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pè é ní àdán!

"Kì í ṣe àdán," ó wí.

Wọ́n wò ó.

"Àdán kì í fò báyẹn. Àdán ò níyẹ̀ẹ́ lára. Òwìwí ni. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ Ajé. Àyà rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú èèyàn tó fi ẹfun kunjú. Inú ihò ló ń gbé. Ó ti pamọ síbẹ̀."

Maṣíìnì dúró.

"Ó ti pamọ," ni Mouftaou wí, ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀. "Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà láàyè, àbí?"

Ìgbà náà ni Hilaire gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun. Ó ní èkúté ni ẹyẹ náà ń jẹ. Ó tún un sọ. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti èkúté mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n lu agogo pe gbogbo àdúgbò sí àgbàlá kan lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìyá Ìgè jókòó lórí àpótí láàárín, ó wé gèlè rẹ̀ tó dára jù, bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìsọmọlórúkọ. Hilaire ò sùn mọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti fi ń kọ́ ẹnu láti òru, ọ̀rọ̀ tí kò tó ẹyọ iyọ̀. Ó ti pinnu pé òun máa purọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun.

"Kámárádì Hilaire, dìde," ni Mouftaou wí. "Sọ ohun tó o rí."

"Àdán ni," ni Hilaire wí.

Ariwo sọ. "Òwìwí lo wí lánàá!"

"Mo ṣì í wò ni."

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. "Ta ló ṣi nǹkan wò? Hilaire? Hilaire tó mọ iye eyín tó kù lẹ́nu oníwàásù!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún tí Hilaire ti fi ń sọ òótọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni kó ara wọn jọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ta ko irọ́ kan ṣoṣo tó wúlò.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wá dìde, irú àwọn tó mọ ìwé díẹ̀ tó mọ ariwo púpọ̀. "Ẹ jẹ́ n béèrè. Àgbàlagbà wo ló ń gba kọnjé nítorí òwìwí? Lójoojúmọ́ ló ń dúró dè é pẹ̀lú awò òyìnbó. Sójà lé e kúrò létí ọ̀sà nítorí awò yẹn, gbogbo wa la gbọ́. Bóyá ẹyẹ ìyá kọ́ o. Bóyá ẹyẹ tirẹ̀ ni, tó gbé pamọ́ sínú igi onígi."

Ẹ̀rín dá. Ojú gbogbo yí sọ́dọ̀ Hilaire.

Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: pé ẹyẹ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni; pé bí ẹṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, tòun tí ò lè pa ẹnu mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà tò sí i lọ́nà ọ̀fun láìsí àṣìṣe kan. Ó rí biró lójú inú. Ó rí ọmọ rẹ̀ Pélagie lójú fèrèsé ilé ìwé. Ó rí ọkọ̀ tí ń kó èèyàn lọ síbi tí a kì í béèrè. Ó wolẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹyẹ kan bà síbẹ̀.

"Mouftaou," ni Ìyá Ìgè wí. Kò pè é ní kámárádì, kò pè é ní deligé. "Ṣé ọmọ yìí lẹ fẹ́ sọ di àjẹ́? Èyí? Tó jẹ́ pé bí ejò bá fẹ́ bù ú ṣán, á kọ́kọ́ bi ejò bóyá ó dá a lójú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

"Igi ta ni?" ni ìyá béèrè.

Mouftaou ò wojú rẹ̀. "Tiyín ni, Ìyá."

"Èyí tó wà lórí igi ńkọ́? Ìwọ Mouftaou, o ti jẹ máńgòrò mi yó rí, o mọ òfin rẹ̀."

Mouftaou ń já òwú kan tó lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀.

"Ti onígi ni," ni ìyá wí. "Ó parí. Tèmi ni ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí Àlàó máa lọ sílé, kọnjé rẹ̀ ti ń tán lọ."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá jẹ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn sójà. Mouftaou ló kọ̀. Ó ní kí ìyá padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Avrankou, kí wọ́n sì gé igi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ti jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹnì kan pẹ̀lú ẹrù tí kò ju apẹ̀rẹ̀ kan lọ. Hilaire dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbọ́ tí ìyá ń kí àwọn èèyàn pé ó dàbọ̀. Kò jáde. Honorine ló jáde. Nígbà tí Honorine wọlé padà, kò sọ nǹkan kan, ọkọ rẹ̀ ì bá sì san ohunkóhun kó lè bú òun.

Òwúrọ̀ Àìkú ni wọ́n gé igi náà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì, a ń gbọ́ àáké. Oníwàásù ṣi orin tó tẹ̀lé e pè. Ìjọ dúró, wọ́n ń retí ikọ́. Hilaire ò wúkọ́. Orin tí kò sí lórí pátákó ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, ìdajì ìjọ ń wá a nínú ìwé títí ó fi parí.

Nígbà tó délé, àwọn ọmọdé ti kún orí igi tó ṣubú bí èèrà, wọ́n ń já máńgòrò tútù tí kò tí ì tóbi ju àtàǹpàkò. Gbogbo ohun tó wà lórí igi ti bọ́ sílẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Hilaire lọ síbi ihò. Àwọn ọmọ òwìwí wà lórí ilẹ̀, wọ́n funfun bí òwú, ìyẹ́ ò tí ì hù sí wọn lápá. Wọ́n ti tutù. Òun ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó kó wọn sínú fìlà rẹ̀, ó sì sin wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá bi í bóyá ó sinmi. Ó ní òun sinmi. Ọ̀gá na ọwọ́ òsì sókè, gbogbo biró sì kígbe. Hilaire náà kígbe.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ kó tó rí ẹsẹ̀ gbé lọ sí Avrankou. Ó ra ọṣẹ, ó ra ṣúgà, ó sì fi jumẹ́lì sínú àpò, nítorí kò lè gbé e sójú mọ́. Ibi yòówù tó bá fi wò, kùkùté ló ń fà súnmọ́ ọn. Ìyá Ìgè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti rù. Hilaire dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ẹrẹ̀.

"Dìde, aṣọ biró rẹ nìyẹn," ni ìyá wí.

"Ìyá, mo wá láti..."

"Mo rí i pé o wá. Jókòó." Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. "Àwọn ọmọ ẹyẹ yẹn ńkọ́?"

Hilaire wo ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n fò lọ, Ìyá."

Ọ̀bẹ dúró díẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìgbà tí ọmọ ẹyẹ ń hu ìyẹ́, tí ó sì mọ oṣù tí wọ́n gé igi òun, wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Hilaire gbé jumẹ́lì fún un. Ó ní kí ìyá máa fi wo ẹyẹ oko, nítorí wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá nu ọwọ́ sára ìró, ó yí awò náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé e sójú. Ó wo Hilaire. Ẹ̀yìn awò ló fi ń wò, ojú tó ń sọ nǹkan di kékeré tó sì ń tì í jìnnà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Àlàó," ó wí, "wò ó bí o ṣe kéré. Bó o ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí nígbà tí mo ń wẹ̀ ọ́."

Hilaire mọ̀ pé ó gbé e lódì. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó pa á dé, ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú awò náà, kékeré, jíjìnnà, ó sì jẹ́ kí ìyá wò ó títí ojú rẹ̀ fi rí èyí tó tó.